Obìnrin tó Ń Rán Inú Pósí

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí kì í ṣe bóyá mo jẹun tàbí bóyá mo sùn. Wọ́n á kí mi kú ọ̀fọ̀ tán, wọ́n á wo àwọn pósí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á wá rọra sọ pé, "Tìyàwó yín á mà rẹwà gan-an o." Ẹlòmíràn á béèrè irú igi tí mo lò. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì lódìkejì títì tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá irin aláwọ̀ wúrà ni mo fi sí ibi tí wọ́n ti ń gbé e. Inú máa ń bí mi. Tí mo bá ní n ò ṣe pósí kankan fún un, wọ́n á wò mí bí ìgbà tí èèyàn bá ń ta ẹ̀wà, tó wá jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ febi sùn. Ìbéèrè yẹn ti sú mi. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá sí Ìkòròdú, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìpakòdò, èrò mi sì ni pé bẹ́ẹ̀dì àti àga ni màá máa ṣe títí tí màá fi darúgbó. Àga tí wọ́n ń kó wọlé látòkè òkun gba ọjà yẹn mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnì kan ní kí n bá òun ṣe pósí bàbá òun, mo ṣe é, ó dára lójú wọn, bí iṣẹ́ ṣe gba ibẹ̀ wọlé nìyẹn. Ìyá mi sunkún nílé nígbà tó gbọ́. Mo ní kó má sunkún, pé gbogbo èèyàn ló ń kú, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ra àga. Ó ní òun ò rán mi lọ sí Èkó pé kí n lọ kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wálé.

Obìnrin tí mo wá fẹ́ yìí ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi. Nígbà yẹn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé ó ń fi ìbòrí bo orí, àti pé ó máa ń pariwo mọ́ àwọn ọlọ́kadà tó bá ta omi ẹrẹ̀ sí aṣọ tó so kọ́. Ẹni tó ń bá mi rán aṣọ inú pósí já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn olókùú ti dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan nínú wọn sì ń wo aago. Mo sáré sọdá títì lọ bẹ̀ ẹ́.

Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ dúró. "Ẹ kó aṣọ yẹn wá," ó ní, "ṣùgbọ́n n ò ní wo nǹkan tí ẹ fẹ́ fi í sí."

Lóòótọ́, kò wò ó. Mo ka ìwọ̀n fún un, ó rán an, ó kẹ́yìn sí títì. Nígbà tí mo ń fi ìṣó kéékèèké kan aṣọ náà mọ́ inú pósí, mo rí i tó dúró tì mí. Ó ní òun wá wò ó kí n má ba iṣẹ́ òun jẹ́ ni. Ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò.

"Pákó lásán lẹ fẹ́ kó sùn lé?"

"Ó ti kú," mo ní.

"Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ṣé torí pé kò lè ráhùn mọ́ ni?"

Ó padà lọ kó àwọn ègé tìmùtìmù tó fi ń rán ìrọ̀rí, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ náà, ó fọwọ́ tò ó débi ẹsẹ̀. Àwọn olókùú tún dúró sí i, wọn ò bínú. Láti ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn ò bá mi rán inú pósí mọ́. Òjò ọdún kejì ò tíì dá tí mo fi ní kó jẹ́ ká fẹ́ra.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, nínú àwọn ìdílé mùsùlùmí tí àwọn bàbá ńlá wọn sá kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà ogun, láyé ọjọ́un. Tó bá ń sọ ìtàn sísá yẹn, wàá rò pé àná ni wọ́n dé, tí ẹrù wọn ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin kọ́kọ́ tako. Òun ló wà nípò bàbá fún un, torí bàbá wọn ti kú. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò àti ẹrù, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeé bá Ọlọ́run sọ, ṣùgbọ́n òun ò mọ bí òun ṣe máa fi àbúrò òun fún ẹni tó ń fi ikú jẹun. Ó ní, ẹni tó ń ta ata, á máa gbàdúrà kí ata tà. Kí ni èmi ń gbàdúrà fún?

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, pé ẹni tó ń gbẹ́ sàréè ní Ẹ̀pẹ́ náà ń jẹun, ìyàwó ẹ̀ sì sanra. Wọ́n lé e wọlé. Wọ́n padà gbà fún wa nígbà tó yá, torí ìyàwó mi ò yéé bẹ̀ wọ́n, kò sì yéé bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò wọ ilé wa ní Ìkòròdú rí. Nígbà tí a ń sọ ọmọ lórúkọ, abẹ́ kánópì tí a ta síta ló jókòó sí, ó mu omi tó fúnra ẹ̀ gbé wá. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé," gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín èmi àti ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin. Ó ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá ìyá ẹ̀ gba ààwẹ̀. Àwọn kan ní a ń da ọmọ lórí rú. Ìyá ẹ̀ ní orí ọmọ òun ò rú, pé méjì ló ń jẹ lọ́dún, ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì, kí ẹni tó ń jowú lọ fẹ́ ọkọ tí ẹ̀sìn ẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀.

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó máa ń bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun," ṣùgbọ́n tí inú bá bí i, mo ti di "ìwọ" nìyẹn, tí inú ẹ̀ á fi rọ̀. Ará òkè ló ń pè mí. Tí mo bá ní ọbẹ̀ ta jù, ará òkè ò mọ ọbẹ̀. Tí mo bá ní n ò fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ará òkè ń bẹ̀rù omi. Ó se ìkọ́kọrẹ́ fún mi lọ́sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó, mo sì bi í pé ṣé àsáró ló bàjẹ́ báyìí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ó tún un sè lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹja pùpọ̀ sí i, ó dúró lé mi lórí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó yá, èmi gan-an ni mò ń béèrè ẹ̀.

Ẹja ẹ̀ yẹn, Ẹ̀pẹ́ ló ti gbọ́dọ̀ wá. Kò gbà pé ẹja wà ní Ìkòròdú. A lè dúró sétí omi ní Ìpakòdò, kí ẹja ṣì máa ta nínú agbọ̀n, á wò ó, á yínmú. Yóò wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, yóò ra ẹja, yóò kí ìyá ẹ̀, yóò sì bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà díẹ̀ lórí mi. Tó bá padà dé, yóò sọ gbogbo ìjà náà fún mi bó ṣe ń họ ìpẹ́ ẹja, yóò ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, yóò ṣe tiẹ̀ náà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja kọjá nínú ọjà, mo máa ń yára rìn.

Nígbà tí a ti fẹ́ra, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ sọdá sínú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà máa ń ta gìrì tí wọ́n bá wọlé, tí wọ́n bá obìnrin lórí ẹní ìkírun láàárín pósí méjì, tó foríkanlẹ̀. Tó bá kírun tán, á kí wọn, á bi wọ́n nípa òkú wọn. Èmi kì í béèrè. Ìwọ̀n nìkan ni mo máa ń gbà. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù máa ń mú bàbá náà, bóyá ìyá náà fẹ́ràn ìrọ̀rí gíga. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí kò bójú mu ni. Àwọn olókùú ò rí i bẹ́ẹ̀; wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n á sunkún, nígbà míì wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ti ọmọdé ni wọ́n wá gbà, á rán inú ẹ̀, á tẹ́ tìmùtìmù sí i dáadáa, kò ní jẹun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. N kì í bi í léèrè ìyẹn náà.

Inú rírun ló kọ́kọ́ ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu. Ó ní ata ni. A yọ ata kúrò, inú ṣì ń run ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó ń fi abẹ́rẹ́ so ìró ẹ̀ kí ó má bàa já bọ́, ó ní aṣọ ló fẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wo bàtà ẹ̀, ó ní àìsàn náà ti wọ inú ara ẹ̀ jinlẹ̀, pé kí a máa tọ́jú ẹ̀ nílé. Mo padà wọlé, mo ní wọ́n ní yóò dára. Ìyàwó mi wojú mi, ó ní, "Ará òkè, ẹ ò mọ irọ́ pa."

Ọmọ wa, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìmọ́ta, gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó padà wálé. A máa ń tẹ́ ẹní fún ìyá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, torí ooru inú ilé. Ibẹ̀ ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń fági, tó ní kí n dáwọ́ dúró, kí n wá jókòó.

"Ẹ mọ̀ pé n ò ní sùn nínú nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe yìí."

Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú níbí.

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè sọ ọ́." Ó mí díẹ̀. "Aṣọ funfun ni wọ́n máa wé mọ́ mi, wọ́n á tẹ́ mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń tò ó sókè ẹni, kí yẹ̀pẹ̀ má bàa dà lé ara. Ẹ bá mi gé tèmi."

N ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kan pósí, n kò dé ìdí sàréè mùsùlùmí kan rí. Ó fọwọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ fún mi lórí ẹní: pé wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ fífẹ̀, wọ́n á tún wá gbẹ́ tóóró kan sísàlẹ̀ ẹ̀ tó gba èèyàn, inú tóóró yẹn ni òkú ń sùn sí, pákó á sì jókòó sí etí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ní ìbú ìbú, láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi máa ní òun ò fẹ́ igi yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà gbé e wá. Mo ti bá yín rán inú pósí gbogbo Ìkòròdú. N ò fẹ́ kó jẹ́ pákó ọwọ́ ẹni tí n ò mọ̀ ló máa wà lórí mi."

Mo ní màá ṣe é. Ó ní kí n ṣe é nígbà yẹn gan-an, kí òun rí i. Ìyẹn ni n ò lè ṣe. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í gégi fún alààyè. Kì í ṣe òfin tí ẹnì kan kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò ṣe é, èmi náà ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí ìyàwó ara ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìrora mú un. "Ó dáa," ó ní, "kí ẹ má wá fi fáníìṣì pa á o. Owó ẹ̀ á ṣòfò."

Àárọ̀ ló kú, lẹ́yìn tí ó kírun àsùbáà lórí ìdùbúlẹ̀. Ọmọ wa ń po ògì. Mo rò pé ó sùn ni, mo ní kí ọmọ má tíì gbé e wá, kí ìyá ẹ̀ sinmi. Nígbà tó yá, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lábẹ́ ohùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ gbé e máa bọ̀. Tí a bá kírun Àlásárì tán, a máa sin ín. Kò sí pósí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó igi yín wá bá mi."

Àwọn obìnrin àdúgbò ti kún yàrá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní bọ́ọ̀sì ní òun máa gbé wa. Gbogbo wọn ń sọ pé ká yára, pé òkú mùsùlùmí kì í dúró. Mo bọ́ aṣọ, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé ìbànújẹ́ ti yí bàbá yìí lórí.

Igi àfárá kan wà tí mo ti tọ́jú, ó funfun, kò ní kókó. Mo fi ayùn gé e sí pákó. N ò lo téèpù. Mo mọ bó ṣe gùn tó, mo mọ bí èjìká ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kí àìsàn tó dé, n ò sì gbà láti gé e fún èjìká ti àìsàn. Mo mú ìfági. Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀: ojú ìta ni mo kọ́kọ́ gbé sókè. Nínú pósí, ìta là ń dán. Ìta ni ẹbí ń rí, ìta ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Inú kì í dán. Aṣọ ló ń bo àṣírí ẹ̀. Mo ti fá pákó kan lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ fá a lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yé mi pé kò ní sí aṣọ. Ẹni tó ń bá mi bo inú ló kú yìí. Mo sunkún níbẹ̀, n ò tíì sunkún nílé.

Mo wá yí àwọn pákó náà padà, mo fá ojú ìsàlẹ̀, èyí tó máa kọjú sí i. Kò sí àkókò láti ṣe méjèèjì. Mo wà lórí ẹ̀ nígbà tí ọmọ wa dé ẹnu ọ̀nà.

"Dádì, Bàbá Ẹ̀pẹ́ tún ti pè. Wọ́n ní kí ló ń dá wa dúró."

"Sọ fún wọn pé mò ń wọṣọ."

Ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ó wo èérún igi lórí mi. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ká ọwọ́ aṣọ ẹ̀, ó mú sáńpépà, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa èyí tí mo ti fá tán. Nígbà tó bá parí ọ̀kan, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á wò bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń fọwọ́ pa aṣọ, á mú òmíràn.

A tẹ́ ìyàwó mi sórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, a fi aṣọ ẹ̀ bò ó. Mo to àwọn pákó náà sábẹ́ ìjókòó yẹn. A kọjá Ìmọ́ta, ọkọ̀ ìrẹsì dí ọ̀nà díẹ̀ níwájú ilé iṣẹ́ ìrẹsì, awakọ̀ wa sì jáde lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n yà fún wa. Fóònù mi ń dún. N ò gbé e. Láti Ìtóìkín lọ, mo di ìjókòó náà mú nígbàkígbà tí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kí ara ẹ̀ má bàa mì jù.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lẹ́nu géètì ilé wọn. Àwọn obìnrin gbé e wọlé láti wẹ̀ ẹ́, ọmọ wa sì tẹ̀ lé wọn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n jẹ́ kí òun da omi sí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní wọ́n rí ojú abẹ́rẹ́ ní àtàǹpàkò ìyá òun, wọ́n bi òun pé àrùn wo nìyẹn, òun sì ní iṣẹ́ ni.

Èmi dúró síta pẹ̀lú pákó mi. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wò wọ́n.

"Mo bẹ̀ yín lórí fóònù."

"Òun ló ní kí n gbé e wá," mo ní. "Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti ní pákó."

"Mo gbọ́, sà. Òun ló ní kí n gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wo àáfà tó dúró tì í. Àáfà náà, àgbàlagbà, ní igi ni igi, pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ní ká bi káfíńtà pé ibo ló ń lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Kò ní kí n gbé e wọlé, kò ní kí n gbé e padà. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà tí wọ́n ń kírun sí i lára, èmi àti ọ̀rẹ́ mi awakọ̀ dúró lẹ́yìn pátápátá, a ṣí fìlà. Wọn ò tẹríba, wọn ò foríkanlẹ̀, orí ìdúró ni wọ́n kí i títí dé òpin. Mo ń dúró de ìgbà tí ẹnì kan á sọ orúkọ ẹ̀, kí ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé ó gbọ́n, pé ó lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó ti parí.

Ní ẹ̀bá sàréè, ìdì pákó méjì ló wà nílẹ̀. Tiwọn, pákó ilé kíkọ́ àtijọ́ tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́. Tèmi, tí ọ̀rẹ́ mi bá mi gbé. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó kéré lójú mi, wọ́n dojú ẹ̀ kọ gábàsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ nawọ́ sókè fún pákó. Kò mọ èyí tí wọ́n máa mú. Ó wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó pẹ́ lójú mi, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ tó bí mo ṣe ń rántí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi àgbọ̀n tọ́ka sí tèmi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti ibi orí. Ọ̀dọ́kùnrin náà sì ṣe ohun tí gbogbo èèyàn máa ṣe. Ó wo pákó, ó rí ojú tó dán, ó rò pé ojú tó dára ló yẹ kó wà lókè, ó tò ó bẹ́ẹ̀. Èyí tó rí jágbajàgba, tí ojú ayùn ṣì wà lára ẹ̀, ló dojú kọ ìyàwó mi. Ọ̀kan. Òmíràn. Mo mọ̀ pé àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, pé mo ti gba ohun tí mo wá gbà, pé ó yẹ kí n pa ẹnu mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Ẹ bá mi yí i padà."

Gbogbo wọn wò mí. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, pé oòrùn ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dúró. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi lọ dán ibi tí ẹnì kankan ò ní rí.

Mo ní, "Apá ọ̀dọ̀ ẹ̀ nìyẹn, sà."

Ó bọ́ bàtà, ó ká agbádá ẹ̀ sí èjìká, ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà jáde, òun gan-an sì sọ̀ kalẹ̀. Àgbàlagbà ni, wọ́n dì í mú lápá méjèèjì. Ó gbé èyí tí wọ́n ti tò sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú tó dán láti etí dé etí, ó yí i padà, ó tò ó. Bó ṣe ṣe gbogbo wọn nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ pa á kí ó tó tò ó. Nígbà tó ku ti ẹsẹ̀, ó dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó tún aṣọ funfun náà ṣe níbi ẹsẹ̀ ẹ̀, bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló pa á dé. Wọ́n fà á sókè. Yẹ̀pẹ̀ wà ní eékún ẹ̀ méjèèjì. Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ò wo ara wa.

Wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Pósí tí mo ti ṣe ò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ mi máa ń parí sí. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, màá gbálẹ̀. N kò dúró rí láti gbọ́ bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń dún lórí igi tí mo fá. Ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n lákọ̀ọ́kọ́, torí pé òfìfo wà lábẹ́ ẹ̀, ìyàwó mi sì wà nínú òfìfo náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn náà ń lọ sílẹ̀, ó ń jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Mo dúró, mo ń tẹ́tí, títí ó fi di yẹ̀pẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀.